A fi stabilizer tó nípọn síwájú, ọkọ̀ ò fì púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ò fẹ́ wọ kọ́nà

Onírin_Kékeré

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà nínú ẹgbẹ́ Formula Student (ìdíje tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń kọ́ ọkọ̀ eré ìje kékeré) ní yunifásítì kan ní àárín ilẹ̀ England níbí, èmi ni wọ́n sì fi sídìí suspension, ìyẹn sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti àwọn apá tó di táyà mú, lọ́dún yìí. Silverstone là ń lọ nínú oṣù keje. Ọkọ̀ ti ń rìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Ọkọ̀ náà ò ní wing kankan tí afẹ́fẹ́ lè fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀, ó wọn 280 kg, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì jókòó síwájú. Láti àárín táyà ọ̀tún dé àárín táyà òsì jẹ́ 1200 mm níwájú àti lẹ́yìn. Àárín ìwúwo rẹ̀ ga tó 300 mm láti ilẹ̀. Sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a bá wọ̀n wọ́n láti ìdí táyà, 16 N/mm ni kálukú. Iwájú nìkan ni stabilizer wà, ìyẹn irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì kí ọkọ̀ má bàa fì jù; irin 12 mm ni. A ò ṣe ti ẹ̀yìn rárá.

Lórí skidpad, òbíríkítí tí ọkọ̀ ń yí po tí wọ́n fi ń ka àkókò rẹ̀, ó ń fì tó dígírì 1.8 nígbà tí agbára kọ́nà bá dé 1.4 g (ìlọ́po 1.4 agbára òòfà ilẹ̀). Olórí ẹgbẹ́ wa rí fọ́tò rẹ̀, ó ní ìtìjú nìyẹn, pé ọkọ̀ eré ìje kì í fì bẹ́ẹ̀. A wá pààrọ̀ irin 12 mm sí 16 mm. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ó wálẹ̀ sí dígírì 1.3, fọ́tò sì dára. Àmọ́ awakọ̀ wa ní òun á yí sítíárìn títí, imú ọkọ̀ á ṣì máa lọ síta. Àkókò wa lórí skidpad sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣé ká tún mú irin náà nípọn sí i ni, àbí ká dá 12 mm padà ká jẹ́ kó máa fì? Olùkọ́ kan sọ fún wa pé fífì ò ṣe nǹkan kan fún ọkọ̀. Ẹlòmíràn ní fífì yẹn gan-an ni gbogbo wàhálà wa. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ọ̀gá_Ládìípọ̀

Ọmọ mi, èmi ò mọ Formula o, Kámúrì àti Họ́ńdà ni tèmi. Ní Èkó níbí, tí linkage stabilizer, apá kékeré tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ táyà, bá ti ń ké kò-kò-kò nínú kòtò, oníbàárà ẹlòmíràn á ní kí n yọ ọ́ dànù kí n fi wáyà so irin náà sókè. Màá sọ fún un pé ọkọ̀ á rìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá sáré lórí Third Mainland tó fẹ́ ya sí Adéníjì, ojú rẹ̀ á là.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé irin tí ẹ rà yẹn, báwo ni linkage rẹ̀ ṣe wà? Ẹ dì í mú, ẹ jù ú. Tí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ bá ti fẹ̀, irin yòówù kí ẹ fi sí i, ọkọ̀ á kọ́kọ́ fì tán kí irin tó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun.

ỌmọAgbẹ̀dẹ_Northants

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Èmi ń tún ọkọ̀ eré ìje kékeré tí wọ́n ń pè ní Formula Ford àti Formula Vee ṣe fún àwọn tó ń fi owó àpò ara wọn sáré lópin ọ̀sẹ̀, kò sì jìnnà sí Silverstone tí ẹ ń lọ yẹn. Ọkọ̀ tí kò ní wing ni mo mọ̀, ọkọ̀ tí kò ní wing lo sì ní, nítorí náà á yé wa.

Olùkọ́ yín ò parọ́, ẹnì kejì náà ò parọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ọ́ dópin nínú wọn. Nǹkan méjì ló yẹ ká yà sọ́tọ̀: fífì tí ojú ń rí nínú fọ́tò, àti ìwúwo tó ń kúrò lórí táyà inú kọ́nà lọ bá táyà ìta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ti àkọ́kọ́ ló ń fa ìkejì. Rárá o. Nǹkan mẹ́rin péré ló ń pinnu ìwúwo tó ń ṣípò: bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó, bí agbára kọ́nà (1.4 g yẹn) ṣe pọ̀ tó, bí àárín ìwúwo rẹ̀ ṣe ga tó, àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ṣírò tìrẹ. 280 lọ́nà 9.81 lọ́nà 1.4 lọ́nà 0.3, pín in sí 1.2. Nǹkan bíi 960 N lo máa rí, ìyẹn 98 kg tó fi táyà méjì inú sílẹ̀ lọ jókòó lórí méjì ìta. Fi irin 12 mm sí i, 98 kg ni. Fi 16 mm sí i, 98 kg ni. Kódà kó o lọ já irin ojú ọ̀nà rélùwéè wá, 98 kg náà ni.

(Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà á sọ pé bí ọkọ̀ ṣe ń fì, àárín ìwúwo rẹ̀ ń yẹ̀ síta díẹ̀. Òótọ́ ni. Ní dígírì 1.8, ó tó bíi 8 mm, ohun tó sì ń fi kún 98 kg yẹn ò pé 2 kg. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.)

Kí wá ni iṣẹ́ stabilizer? Òun ló ń pín 98 kg náà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ẹni méjì bá jọ ru ìtì igi, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí èkejì le ọrùn, ọrùn ẹni tó le ni igi máa jókòó sí. Iwájú yín ló le ọrùn.

Jẹ́ kí n fi nọ́ńbà gbè é. Agbára tí sípíríǹgì méjì fi ń dènà fífì jẹ́ ìdajì ti 16,000 lọ́nà 1.2 lọ́nà 1.2, ìyẹn 11,520 N·m fún radian kan. Sọ ọ́ di dígírì, ó jẹ́ 201. Nítorí náà iwájú ní 201, ẹ̀yìn ní 201, ó wá ku stabilizer. Láti inú dígírì 1.8 tó o wọ̀n, mo fojú bù ú pé irin 12 mm yẹn ń fi bíi 80 kún iwájú. Mo gbà pé nínú 280 kg, bíi 235 ló wà lórí sípíríǹgì, pé àárín ìwúwo ara ọkọ̀ yẹn sì fi bíi 270 mm ga ju ìlà tí ọkọ̀ ń fì yí ká lọ. Tí ti yín bá yàtọ̀, ẹ tún un ṣe. Iwájú wá di 281, ẹ̀yìn 201. Ìdá 58 nínú ìwúwo tó ń ṣípò ni iwájú ń gbà.

Ẹ wá gbé e lọ sí 16 mm. Irin tí wọ́n ń lọ́, bí ó ṣe nípọn sí i, agbára rẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ kan náà tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n ìnípọn rẹ̀ lẹ máa sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ ní ipò mẹ́rin. 16 pín sí 12 jẹ́ 1.33, ṣe é ní ipò mẹ́rin, ó di 3.16. 80 yẹn di 253 lójijì. Iwájú ń dènà fífì pẹ̀lú 454, ẹ̀yìn ṣì wà ní 201. Iwájú ń gba ìdá 69, nínú ọkọ̀ tí ìdá 47 péré ìwúwo rẹ̀ wà níwájú! Kí ni imú ọkọ̀ ì bá tún ṣe bí kò ṣe kó máa lọ síta?

Ìdí tí èyí fi ń jẹ wá níyà ni pé táyà kì í fi ìwọ̀n kan náà dáhùn. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kò ní di ilẹ̀ mú ní ìlọ́po méjì. Ká ní táyà iwájú méjèèjì ń ru 700 N kálukú, tí kálukú sì ń fún wa ní 1.6 ìwúwo rẹ̀: 2240 N lápapọ̀. Mú 400 N kúrò lórí inú, gbé e sórí ìta. Ti ìta ń ru 1100, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́, 1.5 ló ń fúnni: 1650 N. Ti inú ń ru 300, ó ń fún wa ní 1.7: 510 N. Pa wọ́n pọ̀, 2160 N. A ò fi nǹkan kan kún ìwúwo, a ò yọ nǹkan kan kúrò, 80 N ṣáà ti rá. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe o. Nọ́ńbà táyà tiyín gan-an wà lọ́dọ̀ Tire Test Consortium tí wọ́n ti ń wọn táyà Formula SAE (irú Formula Student ti Amẹ́ríkà) ní ilé ìdánwò Calspan ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà. Tí ẹgbẹ́ yín bá ti san owó wọlé, ẹ lọ ṣí i.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ tèmi: màá dá irin 12 mm padà síwájú, màá sì rọ stabilizer kékeré kan sí ẹ̀yìn tó máa fúnni ní nǹkan bíi 60 fún dígírì kan. Iwájú á di 281, ẹ̀yìn 261. Ìpín iwájú á wálẹ̀ sí 52. Àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpín ìwúwo iwájú, wọ́n á fi bíi 5 lé e. Tiyín jẹ́ 47, 52 ló sì bọ́ sí yẹn. Fífì rẹ̀ á wà ní bíi dígírì 1.6 ní 1.4 g. Fọ́tò ò ní tẹ́ olórí yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fún fọ́tò ní máàkì ní Silverstone. Lórí skidpad, àárín ojú ọ̀nà yẹn jẹ́ òbíríkítí tó fẹ̀ ní mítà 18.25, 1.4 g níbẹ̀ jẹ́ 40 km lọ́wọ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú àáyá 5.1 fún yíyípo kan. Ohun tí wọ́n ń kà nìyẹn.

Ṣé fífì ò wá ní wàhálà kankan? Ó ní. Àkọ́kọ́ ni kámbà, ìyẹn bí táyà ṣe dagun sí ilẹ̀. Bí ara ọkọ̀ bá fì dígírì kan síta, táyà ìta fẹ́ tẹ̀ lé e, ó fẹ́ dúró lórí etí rẹ̀. Gígùn àti ìdagun àwọn apá suspension ló ń pinnu iye tó máa tẹ̀ lé e. Ká ní ibi tí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ti máa pàdé, tí a bá fa ìlà wọn lọ, jìnnà sí táyà ní 1200 mm. Ìdajì fífẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín jẹ́ 600. 600 pín sí 1200 jẹ́ ìdajì, nítorí náà nínú dígírì kan tí ọkọ̀ bá fì, táyà ìta á pàdánù ìdajì dígírì péré. Ọkọ̀ tó ń fì 1.6 á pàdánù 0.8, ẹ sì lè fi kámbà tí ẹ gbé kalẹ̀ láti gàráàjì san án. Ẹ̀yin á ní kí ló dé tí a ò fi fà á kúrú sí 600 kí ó má pàdánù ohunkóhun? Ẹ tẹ bíréèkì wò. Tí imú bá lọ sílẹ̀ ní 20 mm, pẹ̀lú 1200 kámbà yí ní bíi dígírì 0.95, pẹ̀lú 600 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2, lórí táyà tó yẹ kó dúró gbọọrọ. Ibi tí ẹ bá ti rí èrè nínú kọ́nà ni ẹ ó ti san án padà nídìí bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ọkọ̀ má fì ju bó ṣe yẹ lọ: kì í ṣe torí fífì, torí kí apá suspension lè gùn.

Ìkejì ni àkókò. Nínú slalom, níbi tí ẹ ti ń yà sọ́tùn-ún sósì léraléra, kí ọkọ̀ tó fara balẹ̀ sí ọ̀tún, ẹ ti ń pè é sí òsì. Ọkọ̀ tó ń pẹ́ kó tó fì tán ń pẹ́ kó tó dá awakọ̀ lóhùn. Àmọ́ ṣọ́ọ̀kì ló ni ibẹ̀ yẹn. Stabilizer ń sọ ibi tí ọkọ̀ máa fì dé, ṣọ́ọ̀kì ń sọ bí ó ṣe máa yára débẹ̀ tó. Mo rí àwọn ọmọ tó ń mú irin nípọn láti wo àìsàn ṣọ́ọ̀kì.

Ọ̀gá Ládìípọ̀ sì ti fọwọ́ kan ibi tó ń dun gbogbo ọkọ̀ àwọn ọmọléèwé. Ní dígírì 1.8, táyà yín ń lọ sókè ní bíi 19 mm. Tí linkage bá ń rìn ní ìdajì ìyẹn, 9 mm ló kù. Ẹ wá ní ihò tó fẹ̀ ní mílímítà kan? Ó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí irin ò ṣiṣẹ́, ibi tí awakọ̀ ti ń kọ́kọ́ yí sítíárìn gan-an ló sì bọ́ sí.

Ẹ tún ti wọn férémù yín? Ẹ de ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ẹ lọ́ iwájú, ẹ fi dial gauge (aago tó ń wọn ìrìn kékeré) kà á. Tí férémù fúnra rẹ̀ bá ń lọ́ ní dígírì kan fún 500 N·m, a jẹ́ pé òun àti gbogbo suspension yín jọ rọ̀ bákan náà ni, stabilizer ẹ̀yìn tí mo ní kí ẹ ṣe yìí ò sì ní kan iwájú lára. Ó yẹ kó fi ìlọ́po mélòó kan le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àdùkẹ́_MI

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo ti kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Èmi wà nínú ẹgbẹ́ Formula SAE ní Amẹ́ríkà, ìdíje tiwa máa ń wáyé ní Michigan International Speedway nínú oṣù karùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé kí ló dé tí a ò fi gbé roll centre, ibi tí ọkọ̀ ń fì yí ká, sókè? Tí ìlà tí ọkọ̀ ń fì yí ká bá sún mọ́ àárín ìwúwo, ọ̀pá tí ìwúwo fi ń tì í á kúrú, ọkọ̀ ò ní fì, a ò sì ní rọ irin kankan. Ó jọ pé ọ̀fẹ́ ni.

ỌmọAgbẹ̀dẹ_Northants

Àdùkẹ́, o ṣeun. Ohun tó jọ ọ̀fẹ́ nínú suspension, ibòmíràn ló ti ń gba owó rẹ̀.

Òótọ́ ni pé tí a bá gbé e láti 40 mm lọ sí 120 mm, 270 mm yẹn di 190, fífì á sì dín ní bíi ìdá 30. Ṣùgbọ́n wo apá suspension. Agbára tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú ń gba inú apá wọ ara ọkọ̀. Bí apá bá dà gẹ́rẹ́, agbára náà á máa ti ọkọ̀ sókè. Roll centre 120 mm lórí ìdajì fífẹ̀ 600 jẹ́ ìdagun 0.2. Ká ní táyà ìta níwájú ń fa 1500 N, ti inú ń fa 450. Ti ìta ń tì wá sókè ní 300, ti inú ń fà wá sílẹ̀ ní 90. Ó ku 210 N tó ń gbé imú ọkọ̀ sókè nínú kọ́nà, lórí sípíríǹgì méjì tí 16 N/mm yẹn: ó tó 6.5 mm. Àárín ìwúwo tí ẹ fi gbogbo òru gbé sílẹ̀ tún ń gòkè. Ní 40 mm, 70 N péré ni ì bá jẹ́.

Wo Formula Vee tí mò ń tọ́jú. Gíàbọ́ọ̀sì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Volkswagen Beetle ni, apá ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní oríkèé kan ṣoṣo nídìí gíàbọ́ọ̀sì. Roll centre rẹ̀ ga gan-an. Beetle àtijọ́ tí awakọ̀ bá tú gáàsì sílẹ̀ lójijì nínú kọ́nà, ìdí rẹ̀ á gbéra, táyà ìta á ká wọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn oní-Vee wá ṣe é tí ẹ̀yìn ò fi dènà fífì rárá: kò sí sípíríǹgì kankan níbẹ̀ tó ń kọ fífì, iwájú nìkan ló ń ru gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan dí ẹ̀yìn kó má lè gbéra kọjá ibi tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé á ní wọ́n ya wèrè. Ó sì ń sáré.

Ohun mìíràn: ìwúwo tó ń gba inú apá kọjá ń dé ojú ẹsẹ̀, kò dúró de sípíríǹgì tàbí ṣọ́ọ̀kì. Awakọ̀ kan á fẹ́ràn rẹ̀ torí imú ń dáhùn kíá. Lórí ilẹ̀ tó ní gbágungbàgun, ó máa ń mú kí táyà fò. Èmi kì í kọjá 50 mm níwájú lórí ọkọ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀, kò sì sí òfin kankan lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe rí lọ́wọ́ mi ni.

Kọ̀ǹpútà_ló_mọ̀

Gbogbo ìṣirò yìí! Ṣebí Williams, ẹgbẹ́ Formula 1 yẹn, ti yanjú rẹ̀ láyé awakọ̀ wọn Mansell? Kọ̀ǹpútà àti hydraulic, ọkọ̀ ò fì mọ́, ó parí.

ỌmọAgbẹ̀dẹ_Northants

Ọ̀rẹ́, Lotus ti gbà Monaco pẹ̀lú irú ẹ̀ ní 1987, Senna ló wakọ̀. Williams FW14B gba ìje 10 nínú 16 ní 1992. Nígbà tó fi máa di 1994, òfin ti lé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí kí táyà lè pín ìwúwo dáadáa nìkan ni wọ́n ṣe ṣe é. Afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ àti wing iwájú ni wọ́n ń dáàbò bò. Tí etí kan bá sún mọ́ ilẹ̀ tí èkejì gbéra, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ á máa yí. Ẹni tó bá ní wing ní ìdí mìíràn láti kórìíra fífì, ó sì lè fara mọ́ sípíríǹgì líle. Àbúrò wa yìí ò ní wing. Táyà nìkan ni ọ̀gá rẹ̀.

Onírin_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. A ti dá 12 mm padà, a sì rọ ti ẹ̀yìn pẹ̀lú apá tó ń gùn tó ń kúrú. A tún rí i pé bọ́ọ̀lù linkage iwájú kan ti fẹ̀ bí Ọ̀gá Ládìípọ̀ ṣe wí, a ti pààrọ̀ rẹ̀. Imú ọkọ̀ ti ń wọlé! Awakọ̀ ní òun ò jà mọ́. A wọn ìgbóná táyà ìta níwájú ní ibi mẹ́ta: nígbà tí irin 16 mm wà níbẹ̀, etí ìta ló gbóná jù, báyìí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sún mọ́ra.

Ó ku kan. Tá a bá ń jáde nínú kọ́nà tá a tẹ gáàsì, táyà ẹ̀yìn tó wà nínú ń yí lásán. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Differential wa (gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì) jẹ́ limited-slip, irú tó yẹ kó dín yíyí lásán táyà kan kù. Ṣé ká dín agbára stabilizer ẹ̀yìn kù ni? Apá rẹ̀ wà ní 80 mm báyìí, a lè gùn ún dé 90.

ỌmọAgbẹ̀dẹ_Northants

Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ṣírò rẹ̀ kó o tó gbé spánà.

Táyà ẹ̀yìn kan ń ru bíi 74 kg nígbà tí ọkọ̀ dúró. Láyé irin 16 mm, ìdá 31 péré nínú 98 kg ni ẹ̀yìn ń gbà, bíi 30 kg, nítorí náà 44 kg ṣẹ́kù lórí táyà inú. Báyìí ìdá 48 ló ń gbà, 47 kg; 27 ló kù. Ìdí nìyẹn tó fi ń yí. Ẹ ti ra imú, ìdí ló sanwó.

Tí ẹ bá wá gùn apá náà láti 80 sí 90 mm, agbára rẹ̀ á dín gẹ́gẹ́ bí 80 pín sí 90 ní ipò méjì, ìyẹn 0.79. 60 á di 47. Ìpín iwájú á lọ sí 53. Ẹ̀yìn á gba 46 kg dípò 47. Kìlógíráàmù kan péré lẹ gbà padà, imú á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í le díẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kan stabilizer fún èyí. Preload differential, ìyẹn bí wọ́n ṣe fún inú rẹ̀ mọ́ra tó láti ìbẹ̀rẹ̀, ni màá kọ́kọ́ gbé sókè díẹ̀díẹ̀, kí n wo ibi tí imú máa bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ẹ tún wò ó bóyá ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó wà nínú ti nà dópin. Òfin ní kí táyà lè rìn tó 50 mm lápapọ̀, kí 25 mm ó kéré tán nínú rẹ̀ jẹ́ sókè pẹ̀lú awakọ̀ lórí ìjókòó. Tí ó bá jẹ́ pé òkè ni ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí, táyà inú á gbéra kí ìṣirò wa tó dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, 98 kg yẹn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ bá jà. Kí ló wà lókè nínú ọkọ̀ yín?

Onírin_Kékeré

Bátìrì wa wà lẹ́yìn orí awakọ̀, 4 kg. Ibi tí àyè wà nìyẹn nígbà náà.

ỌmọAgbẹ̀dẹ_Northants

Tí ẹ bá gbé e sọ̀kalẹ̀ ní 300 mm, àárín ìwúwo ọkọ̀ á wálẹ̀ ní bíi 4.3 mm, 98 á sì dín ní 1.4 kg. Tí a bá pín in, ohun tó kan ẹ̀yìn kéré díẹ̀ sí ohun tí apá 90 mm yẹn máa fún un, àmọ́ iwájú náà ń jẹ nínú rẹ̀, ìpín yín ò sì yí. Ẹ wo òfin ibi tí bátìrì lè jókòó sí kí ẹ tó gé férémù. Ìjókòó awakọ̀ ńkọ́? Ká ní ó wọn 70 kg, tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 20 mm péré, 5 mm nìyẹn lórí gbogbo ọkọ̀, ó ju ti bátìrì lọ.

Onírin_Kékeré

Fóòmù ìjókòó náà nípọn jù lóòótọ́. A máa tú u lálẹ́ òní.